Kọ́ìlì Ọ̀kadà Lára Bàálù Àfọwọ́ṣe

Bí ẹ bá tú ìdérí apá òsì ẹ́ńjìnnì Bajaj Boxer, irin roboto kan ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, tó jin kòtò bí abọ́. Òòfà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú yíká. Bí ẹ bá fi púlà fà á yọ, kọ́ìlì ló kù lẹ́yìn: pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tí wọ́n tò léra wọn, tó yọ ẹsẹ̀ káàkiri, tí wọ́n sì fi wáyà kọ́pà wé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Irin roboto yẹn ń bá kíráńkì yí, kọ́ìlì dúró sójú kan. Bí òòfà ṣe ń sáré kọjá níwájú wáyà ni iná ń jáde. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, kò sí kábọ́ọ̀nù tó ń jẹ, kò sí béárìn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Láti Bájuláyé títí dé Fọlá Àgòrò, láti Pedro dé Ladi-Lak, kí ẹ tó já sí Ìlàjẹ létí ọ̀sà, kò ṣòro láti rí ẹni tó lè tú nǹkan yìí kó sì tún un wé. Iṣẹ́ wíwé kọ́ìlì kò ṣàjèjì ní àdúgbò Ṣómólú àti Bàrígà wọ̀nyí. Ṣómólú ni ojúkò àwọn atẹ̀wé Èkó: kàlẹ́ńdà, ìwé ìkéde òkú, ìwé ìléwọ́, ìwé ìpolongo ìbò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò lè jókòó máa retí NẸ́PÀ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ pọ̀ ládùúgbò. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá sì pọ̀ sí, kọ́ìlì á máa jó, ẹni tí yóò tún un wé á sì jókòó sí tòsí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí pé àwọn tí kò dúró wò ó rí rò pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí wáyà yí ẹsẹ̀ kan ká kó tó gé wáyà tó jó dànù. Á wọn bí wáyà náà ṣe nípọn, nítorí èyí tó tín-ín-rín jù á tún jó, èyí tó nípọn jù ò ní gba ojú àyè. Á fi ìwé pẹlẹbẹ bo irin kí wáyà má bàa kan án. Bí ẹsẹ̀ kan bá yí sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ yí sósì, torí pé òòfà tó kọjú sí wọn ò dọ́gba. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ kan wé, iná ẹsẹ̀ náà á máa pa ti ìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò da fáníìṣì sí i, yóò sì jẹ́ kó gbẹ. Àwọn tó kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná ní yunifásítì ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ ohun tí ọmọṣẹ́ yìí ń ṣe kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ohun kan náà yìí ni àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe bàálù ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Ọsirélíà ń wá kiri fún ẹ́ńjìnnì wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo gbà pé ọwọ́ tó lè ṣe kọ́ìlì bàálù kékeré ti wà ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ohun tí kò tíì wà níbẹ̀ ni ìdánwò àti ìwé àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ kéèyàn lè gbé ẹ̀mí lé iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì.

Ní 1953 ni Paul Poberezny àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Experimental Aircraft Association sílẹ̀ ní Milwaukee, fún àwọn tó ń kan bàálù nínú gáráàjì ilé wọn. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà pé ẹni tó bá ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bàálù kan, fún ẹ̀kọ́ àti ìgbádùn ara rẹ̀, lè forúkọ bàálù náà sílẹ̀ kó sì máa fi fò, bí kò bá ti fi kó èrò gba owó. Ẹ́ńjìnnì ló máa ń ná wọn lówó jù. Lycoming àti Continental, tí wọ́n ṣe fún bàálù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n púpọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe yíjú sí ẹ́ńjìnnì Volkswagen ìjàpá, irú èyí tí wọ́n ń tò nígbà kan rí ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì níbí, bẹ̀rẹ̀ láti 1975. Ẹ́ńjìnnì náà fúyẹ́, kò nílò omi, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú.

Nínú mọ́tò, ìjàpá ní fáànù tirẹ̀ àti bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò. Nínú bàálù, abẹ̀bẹ̀ iwájú ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì lára, nítorí náà wọ́n máa ń tú fáànù mọ́tò dànù, bẹ́líìtì àti dáínámò á sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n bàálù ṣì nílò iná. Rédíò tí awakọ̀ fi ń bá ilé ìṣọ́ sọ̀rọ̀ máa ń gba nǹkan bí amp 2 nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí rédà rí bàálù ń fẹ́ tirẹ̀, iná orí ìyẹ́ ń fẹ́, pọ́ǹpù epo ń fẹ́, sítátà sì ń fa bátìrì gbẹ kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀nà tí àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì Volkswagen gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n mú òòfà àti kọ́ìlì láti ara ẹ̀rọ agékoríko John Deere, wọ́n fi sí orí kíráńkì, ó sì ń fún wọn ní nǹkan bí amp 20. William Wynne, tó ń sọ ẹ́ńjìnnì Chevrolet Corvair di ti bàálù, gba ojú ọ̀nà kan náà. 

Amp 20 ní volt 14 jẹ́ watt 280. Agbára tí ẹ́ńjìnnì ń pàdánù lórí rẹ̀ kò tó agbára ẹṣin kan. Ẹ fi wé alternator mọ́tò tó wúwo, tó tún nílò béráàkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́líìtì. Nínú bàálù tó jẹ́ pé gbogbo kílò ni wọ́n ń kà, ìyàtọ̀ náà ò kéré.

Kọ́ìlì Boxer fúnra rẹ̀ kéré jù fún iṣẹ́ yìí. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, fèrè àti bátìrì kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Alùpùpù ńlá, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣíwájú ọkọ̀ gómìnà, ló ní kọ́ìlì tó lè gbé ẹrù bàálù. Síbẹ̀ ẹni tó bá ti lóye ti Boxer ti lóye ti àwọn yẹn, nítorí ìlànà kan náà ni.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó máa kojú ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò lórí ọ̀kadà lọ sára bàálù ni eré. Gbogbo ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà lálẹ́ mọ̀ pé bí awakọ̀ bá fún un níná, iná iwájú á mọ́lẹ̀ gan-an. Bí ó bá dẹwọ́, iná á rọ. Volt tó ń jáde lára kọ́ìlì ń tẹ̀lé eré òòfà: bí eré bá di ìlọ́po méjì, volt náà á di ìlọ́po méjì. Alùpùpù lè yí ìgbà 7,000 tàbí 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí wọ́n so abẹ̀bẹ̀ mọ́ lórí tààrà kì í sábà kọjá nǹkan bí 3,400.

Abẹ̀bẹ̀ ló dá a dúró níbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó gùn tó mítà 1.37, bí ó bá yí 3,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí rẹ̀ ń sáré nǹkan bí mítà 244 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ohùn ń sáré nǹkan bí mítà 340. Bí orí abẹ̀bẹ̀ bá ti ń súnmọ́ eré ìró, ariwo ló máa ń di, agbára tó fi ń fa bàálù á sì máa dínkù. Nítorí náà a ò lè sọ pé kí ẹ́ńjìnnì sáré sí i kí bátìrì lè kún. Kọ́ìlì la gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ Bàrígà ti wúlò nìyí. Bí eré bá dínkù sí ìdajì, ẹni tó ń wé kọ́ìlì lè sọ iye ìyípo wáyà di ìlọ́po méjì, volt á sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ irin ò pọ̀ sí i, nítorí náà ìwọ̀n ojú ibi tí a bá gé wáyà náà gbọ́dọ̀ dínkù sí ìdajì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wáyà tó gùn ní ìlọ́po méjì, tí ìwọ̀n ojú rẹ̀ sì dínkù sí ìdajì, ń dí iná lọ́nà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó máa jáde ni volt tí a fẹ́, pẹ̀lú ìdajì amp tí a ní tẹ́lẹ̀. Kò sí ọgbọ́n ọwọ́ tó lè yí èyí padà, bí kò ṣe pé ká wá òòfà tó lágbára jù tàbí kọ́ìlì tó fẹ̀ jù.

Fún kọ́ìlì tó ní okùn mẹ́ta, ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní kéèyàn wé wáyà tuntun. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń so ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìparí-mọ́-ìbẹ̀rẹ̀, tó fi di onígun mẹ́ta. Bí a bá tú u, tí a so ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, tí a sì fi ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún okùn àbájáde, volt á lé sí 1.73 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, amp á sì dínkù ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn tó ń tún mọ́tò iná ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní Ṣómólú mọ ìsopọ̀ méjèèjì yìí dáadáa, nítorí òun ni wọ́n ń bá pàdé lórí mọ́tò oníná mẹ́ta.

Lẹ́yìn kọ́ìlì ló kan régúlétọ̀, ibẹ̀ ni mo sì bẹ̀rù jù. Nínú alternator mọ́tò, òòfà oníná ló wà nínú rẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ gé iná tó ń bọ́ òòfà yẹn, alternator náà á kú. Òòfà ọ̀kadà kò ṣe é pa. Níwọ̀n ìgbà tí kíráńkì bá ń yí, iná ń jáde. Ọ̀pọ̀ régúlétọ̀ ọ̀kadà máa ń kápá rẹ̀ nípa síso okùn kọ́ìlì mọ́ra wọn nígbà tí bátìrì bá ti kún, kí èyí tó ṣẹ́kù má bàa dé bátìrì. Iná náà ò lọ síbì kankan; inú kọ́ìlì ló ti ń di ooru. Lórí ọ̀kadà tó ń dúró ní gbogbo ìkóríta, kọ́ìlì ń rí àyè tútù. Bàálù tó bá gbéra á wà lórí eré kan náà fún wákàtí kan tàbí méjì láì dẹwọ́.

Bí régúlétọ̀ yẹn bá bàjẹ́ lójú òfurufú, volt lè fò sókè kọjá 14 dáadáa, kó sì jó rédíò àti gbogbo ohun tó ní kọ̀ǹpútà nínú, bátìrì náà á sì máa hó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, irú Bob Nuckolls tó kọ ìwé AeroElectric Connection, fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n fi rílè sáàárín kọ́ìlì àti régúlétọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ volt tí yóò sì já a fúnra rẹ̀ bí ó bá ti pọ̀ jù. Owó rílè ò tó nǹkan. Mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò láìsí i.

Àwọn nǹkan míì wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ariwo régúlétọ̀ máa ń wọ inú rédíò, nítorí náà kàpásítọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òòfà tí wọ́n lẹ̀ lè ṣí, bí ó bá sì ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, á ha mọ́ kọ́ìlì. Òòfà neodymium olówó pọ́ọ́kú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára bí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bí 80°C, ìtòsí ẹ́ńjìnnì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin roboto tí wọ́n bá gbẹ́ ní lééètì láti fi sórí kíráńkì gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká, torí ohun tó bá ń gbọ̀n lórí kíráńkì ń wá ibi tí yóò ti ṣẹ́. Kíráńkì Volkswagen sì ti ṣẹ́ rí nígbà tí bàálù wà lókè.

Ilé iṣẹ́ ńlá náà ń lo ọ̀nà yìí, ẹ má rò pé ti àwọn oníṣẹ́ gáráàjì nìkan ni. Rotax ti ilẹ̀ Austria, tó ti ṣe ẹ́ńjìnnì alùpùpù fún BMW àti Aprilia, ló ṣe Rotax 912 tó wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré lágbàáyé lónìí. Òòfà àti kọ́ìlì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mú watt 250 jáde, régúlétọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti Ducati. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro eré nípa fífi gíà sáàárín: kíráńkì lè yí 5,800, abẹ̀bẹ̀ ò ní kọjá nǹkan bí 2,400. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé iná tó ń tan pílọ́ọ̀gì ní kọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì gbára lé bátìrì. Bí gbogbo iná bàálù bá kú, ẹ́ńjìnnì ò ní kú.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ò jìnnà sí wa. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú Kpong ní Gánà, Patricia Mawuli kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú Rotax àti bí wọ́n ṣe ń tò ó, ó di awakọ̀ bàálù, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn níṣẹ́ náà. Ní Kàdúná, ilé iṣẹ́ AIEP tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà mú bàálù RV-6A, tí Richard VanGrunsven ṣètò fún àwọn tó ń ṣe bàálù nínú gáráàjì, wọ́n sì sọ ọ́ di Air Beetle tí wọ́n fi kọ́ àwọn awakọ̀ ológun.  Ní 2007, Mubarak Muhammed Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ọmọ ọdún 24 ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic ògbólógbòó àti irin àlòkù ṣe hẹlikópítà. Owó tó ń rí níbi títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ló fi ṣe é. Kò gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, ṣùgbọ́n ó gbéra.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mo tún rò pé Kàdúná ló fi ọ̀nà hàn wá. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Wọ́n mú àwòrán tí àwọn ẹlòmíì ti dán wò, wọ́n tò ó, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ ohun gbogbo sílẹ̀.

Ará Èkó ò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2023, bàálù kékeré Jabiru kan já lulẹ̀ ní Ọba Akran ní Ìkẹjà, láàárín mọ́tò àti èrò. Orí kó àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ yọ. Jabiru wà lára àwọn bàálù tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀, kọ́ìlì àti òòfà ló sì ń fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níná. N kò sọ pé iná ló gbé e ṣubú. Mò ń sọ pé orí òrùlé àwọn èèyàn ni bàálù ń gbà kọjá ní Èkó. Òfin Civil Aviation Act ti 2022 gbé àmójútó ọkọ̀ òfurufú lé àjọ NCAA lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ohunkóhun tó fọwọ́ ṣe sínú bàálù láìgba àṣẹ wọn. Òfin yẹn dáa.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń wé kọ́ìlì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi Ṣómólú kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà ò gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2022, Bàrígà tí wọ́n yọ lára rẹ̀ sì wà lábẹ́ àṣẹ náà. Réwáyà tó ń wé kọ́ìlì, tó sì gbára lé ọ̀kadà nìkan, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọwọ́ tó dáa wà nílẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ mìíràn, Yunifásítì Èkó sì wà ní Akọ́ka, tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Bàrígà. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ iná níbẹ̀ lè gboyè láìjókòó ti ẹni tó ń wé kọ́ìlì rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wé kọ́ìlì ò ní mítà tó lè ka ìyípo tàbí ooru.

Ohun tí wọ́n lè jọ ṣe kò nílò bàálù rárá, kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi kọ́ìlì alùpùpù ńlá tí wọ́n tún wé sórí tábìlì irin, kí mọ́tò iná máa yí i láti 1,000 dé 3,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n so régúlétọ̀ àti rílè mọ́ ọn, pẹ̀lú lámpù iwájú mọ́tò mẹ́rin, onívolt 12, watt 55 kọ̀ọ̀kan. Àwọn lámpù náà á fa nǹkan bí amp 18. Kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì láì dúró, bí bàálù ṣe máa ṣe é. Lọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ volt, amp àti ooru kọ́ìlì sínú ìwé, kí réwáyà náà kọ iye ìyípo wáyà, bó ṣe nípọn, irú fáníìṣì tó lò àti orúkọ ara rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú kí régúlétọ̀ má lè dín volt kù mọ́ nígbà tí ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì wo bóyá rílè á já kí volt tó kọjá 16.